Olongo, Igi Òdòdó, àti Ẹni Tí Yóò Wẹ Ọmọ Mi

Ìyàwó kì í pe orúkọ ẹni tó bá nílé ọkọ. Ì báà jẹ́ ọmọ tí wọ́n bí lánàá, bí wọ́n bá ti bí i kí wọ́n tó gbé ìyàwó wọlé, ọkọ ìyàwó ni. Ìyàwó gbọ́dọ̀ wá orúkọ mìíràn tí yóò máa pè é, orúkọ tí onítọ̀hún yóò gbọ́ tí inú rẹ̀ yóò dùn. Àwọn ìyàwó tó lọ́gbọ́n kì í da ara wọn láàmú. Wọ́n á mú nínú àwọn tó ti wà nílẹ̀: Ìbàdíàrán, Adúmáadán, Akọ̀wé, Eyínfúnjowó. Èmi tí mo ti lọ kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ní Ìjagun, mo ní n óò ronú.

Ìmùṣin ni wọ́n ti gbé mi wá sí Ìjẹ̀bú-Òde, nígbà tí àwọn sójà ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìjọba, tí wọ́n ń fi kòbókò kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń tò sí ìlà. Ilé tí mo wọ̀ kò ní èrò púpọ̀. Bàbá ọkọ mi wà níbẹ̀, hẹdimásítà tó ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n tí kò sẹ́ni tó tíì lè jẹ́ kó gbà bẹ́ẹ̀. Ọkọ mi wà níbẹ̀, akọ̀wé ìjọba, ẹni tí kì í dá sí ọ̀rọ̀ títí ọ̀rọ̀ yóò fi tán. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin wà níbẹ̀, àbúrò rẹ̀ obìnrin náà wà níbẹ̀. Ìyá wọn ti kú. Ìyá tèmi náà ti kú, láti ìgbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama.

Ìdí tí mo fi mẹ́nu ba àwọn ìyá tó kú yìí ni pé, bí obìnrin bá bímọ, ìyá rẹ̀ tàbí ìyá ọkọ rẹ̀ ni í wẹ ọmọ fún un. Òun ni í jókòó sórí àpótí, tí í na ẹsẹ̀ méjèèjì, tí í tẹ́ ọmọ sórí ojúgun, tí í fi kànìnkànìn àti ọṣẹ dúdú wẹ̀ ẹ́, tí í na apá rẹ̀, tí í na ẹsẹ̀ rẹ̀, tí í jù ú sókè tí ìyá ọmọ yóò fi figbe ta. Òun náà ni í ri aṣọ bọ omi gbígbóná tí í fi tẹ ikùn ìyá ọmọ. Wọn kò kọ́ wa ní ìkankan nínú rẹ̀ ní Ìjagun. Kò pẹ́ tí mo wọlé ọkọ tí mo fi lóyún, mo sì wò yíká, mo rí i pé ọwọ́ kan ṣoṣo ló wà nínú ilé náà tó lè gba ọmọ lọ́wọ́ mi: ọwọ́ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi. Òun ló ń wẹ ọmọ fún ìdajì àdúgbò. Òun fúnra rẹ̀ kò bí. Ó ti lọ sílé ọkọ, ó dúró títí, ọmọ kò dé, ó di ẹrù rẹ̀, ó padà sílé bàbá rẹ̀. Bí o bá fẹ́ mọ ohun tí wọ́n ń pe irú obìnrin bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn, dúró sẹ́yìn rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ orúkọ ló ṣáájú. Àbúrò ọkọ mi ni mo kọ́kọ́ sọ lórúkọ. Ó kéré, ó pupa, ó ń kun ẹ̀rẹ̀kẹ́, kò sì lè jókòó síbì kan tí oúnjẹ fi máa dà nínú rẹ̀. Iṣẹ́ aránṣọ ló ń kọ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ jù. Nígbà tí mo wò ó, olongo ni ọkàn mi lọ sí. Ẹ mọ ẹyẹ náà: ẹyẹ bíńtín, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ pọ́n bí ẹni tó fi osùn kùn ún, ẹnu rẹ̀ pọ́n, wọn kì í dá rìn, wọ́n á dà sórí koríko eléso lẹ́yìn ilé, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì sẹ́ni tó ń gbọ́ tẹnì kejì. Láti kékeré ni mo ti fẹ́ràn wọn. Mo pè é ní Olongo.

Ẹ̀gbọ́n ga, ó dúdú, ó ń dán. Ojúde ló ti ń ta òwú, bọ́tìnì àti síìpù. Ó rẹwà tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọkùnrin tí kò ní ẹ̀wù kan tí bọ́tìnì rẹ̀ já ń wá ra bọ́tìnì. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ rẹ̀ ni igi òdòdó kan wà tí bàbá wọn gbìn, irú èyí tí àwọn ará míṣọ̀n gbìn káàkiri ìlú, tí òdòdó rẹ̀ pupa, tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, tí nǹkan gígùn kan bí ahọ́n yọ jáde láàárín rẹ̀. Igi náà kò ga, kò kúrú. Ẹni tó bá ń kọjá lọ á yíjú wò ó. Mo pe ẹ̀gbọ́n ní Òdòdó Ojúde.

Inú mi dùn sí ara mi. Mo sùn dáadáa lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo rí i pé èmi nìkan ni inú mi dùn. Àbúrò ní olongo ni ẹyẹ aláriwo tí í ti ilé kan bọ́ sí òmíràn, ó ní ta ló sọ fún mi pé òun ń ti ilé kan bọ́ sí òmíràn. N kò mọ̀ pé ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ àfi ìgbà tó bi mí. Ẹ̀gbọ́n kò pariwo. Ó wo igi náà, ó wò mí.

Ó ní, "Èyí tí kò kúrò lójúde bàbá rẹ̀, àbí?"

Mo ní, "Kì í ṣe bẹ́ẹ̀, mà. Ẹwà rẹ̀ ni mo wò."

Ó ní, "Mo gbọ́."

Ọ̀rọ̀ wá burú sí i, nítorí pé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gbà pé orúkọ tí mo fún èkejì ló dára jù. Àbúrò ní wọ́n ń kó òdòdó sórí pẹpẹ lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ta ló kó olongo wọ ṣọ́ọ̀ṣì rí? Ẹ̀gbọ́n ní ẹyẹ lè fò. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló sọ ìyẹn, kò tún un sọ mọ́. Wọ́n ń jẹ́ mi lóhùn bí mo bá pè wọ́n, ṣùgbọ́n bí ọmọdé ti í gbé egbòogi mì ni. Mo ní yóò mọ́ wọn lára. Orúkọ méjèèjì dára, títí di òní ni mo sì ń sọ bẹ́ẹ̀.

Oyún mi ti yọ dáadáa nígbà tí Sátidé ìmọ́tótó kan dé. Láyé ìgbà náà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jáde títí aago mẹ́wàá yóò fi lù. Kí kálukú dúró sílé rẹ̀ kó gbálẹ̀. Wolé-wolé ti sọ fún bàbá pé koríko ẹ̀yìn ilé pọ̀, igi ojúde sì ti ya sójú títì. Bàbá gbé àdá lé ọkọ mi lọ́wọ́, ó ní kó gé e.

Ọkọ mi bi í pé, "Èwo nínú rẹ̀, sà?"

Ìbéèrè yẹn ló dá ilé rú. Àbúrò sáré jáde, ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan koríko náà, ibẹ̀ ni àwọn olongo ti ń jẹun. Ẹni tí kò fẹ́ jẹ́ Olongo láti ọjọ́ yìí ni o! Ẹ̀gbọ́n dìde nídìí ìsọ̀ rẹ̀, ó lọ dúró níwájú igi òdòdó, ó ká ọwọ́ gbera. Bàbá wo apá ọ̀tún, ó wo apá òsì. Inú rẹ̀ dùn. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta kan tí ẹnikẹ́ni ti gbé ẹjọ́ wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ní kí a gbé àga wá. Ó ní a óò fi ẹyẹ wé igi létòlétò, èyí tó bá fìdí rẹmi nínú méjèèjì ni a óò gé tirẹ̀, ì báà jẹ́ koríko, ì báà jẹ́ igi. Mo jókòó sórí àkàsọ̀ pẹ̀lú ikùn mi, mo ń gbádùn ara mi. Mo rò pé eré la ń ṣe.

Bàbá ní kí a bẹ̀rẹ̀ lórí àwọ̀. Ọkọ mi ní àwọ̀ wọn bákan náà. Wọ́n ní ta ló bi í.

Àbúrò ní, "Bàbá, òdòdó yẹn, àárọ̀ ló ń là, ìrọ̀lẹ́ ló ń rọ. Ọjọ́ kan ṣoṣo! Olongo ńkọ́? Ìgbà òjò, ó pupa. Ìgbà ọyẹ́, ó pupa."

Ẹ̀gbọ́n ní, "Òmíràn á là lọ́jọ́ kejì. Ẹyẹ tó bá kú, ó kú nìyẹn."

Bàbá fún wọn ní máàkì kọ̀ọ̀kan. Kò sí bébà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi ìka kọ ọ́ sórí itan.

Ẹ̀gbọ́n tún ní, "Igi kì í jẹ ohun tí kò gbìn."

Àbúrò ní, "Ewúrẹ́ ń jẹ igi. Ta ló rí ewúrẹ́ tó jẹ olongo rí?"

Bàbá rẹ́rìn-ín títí awò ojú rẹ̀ fi yọ̀ wá sí imú. Ọkọ mi ní ológbò lè jẹ olongo. A ò dá a lóhùn.

Ẹ̀gbọ́n kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó ní, "Bí ewúrẹ́ bá jẹ ẹ́, á tún rú. Bí ẹ gé e lónìí, á tún rú. Kí lẹ ò tíì fi igi yìí ṣe? Ẹ ń sá aṣọ lé e lórí, ẹ ń da omi ọṣẹ sí i nídìí, àwọn ọmọ ń já a bí wọ́n bá ń lọ síléèwé. Ó ń rú náà ni."

Mo ń wo ẹnu rẹ̀. N kò gbọ́ kó sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí. Ojú mi fẹ́ máa ṣomi, mo sì ń rò ó nínú ara mi pé òun ló yẹ kí bàbá fún ní máàkì ọ̀hún. Àbúrò náà rí i pé ọwọ́ òun ń bọ́, kò sì sí ohun tó burú fún aláròyé tó kí ọwọ́ rẹ̀ máa bọ́.

Ó ní, "Kó máa rú lọ! Láti ìgbà tí mo ti dáyé ló ti ń tanná, kò so èso kan rí."

Ẹnu rẹ̀ kò tíì pa dé tó fi fi ọwọ́ méjèèjì bò ó. Ó ti pẹ́ jù. Ọkọ mi ń wo àdá ọwọ́ rẹ̀. Bàbá yọ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún, bẹ́ẹ̀ ni kò sí nǹkan kan lójú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kò wo àbúrò rẹ̀ rárá. Èmi ló wò. Ó wo ojú mi, ó wo ikùn mi.

Ó ní, "Ìyàwó, o ṣeun. Bí o bá bímọ, wá ẹni tí yóò wẹ̀ ẹ́ fún ọ. Èmi, igi ni mí. Igi kì í wẹ ọmọ."

Ó wọlé. Aago mẹ́wàá lù, ìlú ṣí, kálukú bá tirẹ̀ lọ. Bàbá kò dá ẹjọ́ náà parí.

Mo bẹ ẹ̀gbọ́n. Mo kúnlẹ̀ ní ìdí ìsọ̀ rẹ̀ lójú títì, ó ní kí n dìde, mo ti wúwo, kí n má ba òun lórúkọ jẹ́. Àbúrò dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí ọkùnrin, ó sunkún, osùn ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ṣàn sí ọrùn. Ẹ̀gbọ́n ní kò sí ohun tó bí òun nínú. Ẹni tó bá ń sọ bẹ́ẹ̀ ni kí o bẹ̀rù. Láti ọjọ́ náà, kò jẹ́ orúkọ tí mo sọ ọ́ mọ́. Mo ní kí n máa pè é ní Ìbàdíàrán, ó ní ó ti bọ́. Bí mo bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, màá rìn lọ síwájú rẹ̀, màá ní, "Ẹ gbọ́ ná, mà." Bí ẹni tó ń ta ọjà ni mo rí nínú ilé ọkọ mi.

Ọkọ mi ní kí n má ṣèyọnu, àwọn nọ́ọ̀sì á kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fi omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ nu ọmọ. Nù! Tábìlì ni wọ́n ń nù. Àbúrò ní òun ló da omi rú, òun ni yóò mu ún, òun yóò wẹ ọmọ. Ó mú ewùrà kan nínú àgbàlá, ó jókòó sórí àpótí, ó tẹ́ ẹ sórí ojúgun rẹ̀, ó fi omi àti ọṣẹ wẹ̀ ẹ́. Ìyẹn lọ dáadáa. Nígbà tó jù ú sókè, kò hán an. A fi èyí tó kù lára rẹ̀ se ìkọ́kọrẹ́. Mo jẹ ẹ́ pẹ̀lú omijé lójú, kì í sì í ṣe ata ló fà á.

Ẹ̀rù ń bà mí. N kò bẹ̀rù ìrọbí, gbogbo obìnrin ló ń rọbí. Ọmọ gan-an ni mò ń bẹ̀rù. Mo ń lálàá pé ó yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ mi bí ẹja àrọ̀, tí mo ń wá a nínú omi ọṣẹ, tí mo ń pe ìyá mi kó wá bá mi wá a.

Ọ̀sán gangan ni ọmọ náà yàn, ṣáájú ọjọ́ tí a ń retí rẹ̀. Ọkọ mi wà ní ọ́fíìsì, bàbá wà ní ìpàdé àwọn àgbà ìjọ, àbúrò wà nídìí iṣẹ́ tàbí níbòmíràn. Mo fẹ́ gbé abọ́ nínú iyàrá, omi oyún dà sí mi lẹ́sẹ̀, ìrora mú mi nídìí, mo wólẹ̀ lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, n kò lè dìde. Ojú fèrèsé ni mo wà. Mo ń gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n lójúde, ó ń bá ẹnì kan ná síìpù.

Mo kígbe pé, "Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ ná o!"

Ta ni kí ó gbọ́? Gbogbo ẹni tó ń kọjá lójú títì ló ń pe ara wọn bẹ́ẹ̀. Obìnrin kan tó ń kiri fùfú dúró lábẹ́ fèrèsé, ó bi mí pé èló ni kí òun bù. Mo pe Òdòdó. Mo pe Òdòdó Ojúde. Ohùn ẹ̀gbọ́n kò yí padà, síìpù ló ṣì ń tà. Ìrora kejì dé, ó tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó gba gbogbo ẹ̀kọ́ ilé tí wọ́n kọ́ mi ní Ìmùṣin lọ́wọ́ mi. Mo la ẹnu, mo pe orúkọ tí bàbá àti ìyá rẹ̀ sọ ọ́ lọ́jọ́ kẹjọ. Mo pè é tán pátá, èyí tó wà níwájú àti èyí tó wà lẹ́yìn.

Ojúde dákẹ́. Ó wọlé tòun ti síìpù lọ́wọ́.

Ó gbé mi dìde ní abíyá, ó dá mọ́tò dúró, ó lé ẹni tó wà nínú rẹ̀ bọ́ sílẹ̀, ó kó sí ẹ̀yìn pẹ̀lú mi, ó gbé orí mi lé itan. A ti ń kọjá níwájú ọjà kó tó sọ̀rọ̀.

Ó ní, "Kí lo pè mí?"

Mo ní, "Ẹ dárí jì mí, mà. Mi ò mọ ìgbà tó bọ́ lẹ́nu mi."

Ó ní, "Mi ò bi ọ́ ní ìyẹn. Tún un pè."

Mo rò pé mi ò gbọ́ dáadáa. Ó ń wo ìta, ó gbá ọwọ́ mi mú.

Ó ní, "Láti ìgbà tí ìyá mi ti kú, kò sẹ́ni tó pè é mọ́. Nílé ọkọ, ìyàwó ni wọ́n ń pè mí. Mo padà dé, gbogbo yín ní Àǹtí. Bàbá náà ń bá yín pè mí ní Àǹtí. Wọn ò lè pè mí ní ìyá ẹnì kankan. Ìwọ wá dé, o fi igi kún un. Tún un pè."

Mo tún un pè. Bí ìrora bá ti mú mi, màá pè é, òun náà á fún ọwọ́ mi. Dírẹ́bà rò pé orúkọ iwin kan ni mò ń ké sí, ó tẹ mọ́tò gan-an, a kò sì pẹ́ dé ilé ìgbẹ̀bí. Obìnrin ni mo bí, kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ní kí a máa lọ sílé, bí a ti délé, ẹ̀gbọ́n gbé àpótí sí balùwẹ̀ ẹ̀yìn ilé. Ó jókòó, ó ká aṣọ rẹ̀ dé orúnkún, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì. Ó ní kí n gbé e wá. Mo gbé e fún un. Ó da ojú ọmọ délẹ̀, ó wẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn, ó yí i padà, ó na apá rẹ̀, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀, ọmọ ń ké, èmi náà ń ké. Àbúrò dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú kẹ́tùlù omi gbígbóná, kò sọ ọ̀rọ̀ kan. Mi ò rí irú rẹ̀ rí, mi ò sì tún rí i mọ́. Ẹ̀gbọ́n ní kó gbé omi sílẹ̀, kó lọ wá nǹkan jẹ. Ó ní kí n ti ilẹ̀kùn.

Mo ti ilẹ̀kùn.

Ó ní, "Pè mí."

Mo wo ẹ̀yìn, mo rí i pé kò sẹ́nì kankan. Mo rọra pè é, bí ìyá ti í pe ọmọ tó wà nítòsí.

Ó dáhùn. Obìnrin tó ti ń wẹ ọmọ ọlọ́mọ kí n tó kúrò níléèwé, tó yẹ kí n máa kúnlẹ̀ kí, ó ní, "Mà!" Ohùn rẹ̀ tín-ín-rín. Kò gbójú sókè, òrí ló ń fi pa ọmọ mi lára. N kò rò pé èmi ló ń dá lóhùn.